‘Ma bo’ Tí Ìyá Rẹ Tẹ̀ Láìfi Àmì Sí

Bàlíkísù mi, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀, nínú yàrá tí o sọ pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àpáta. Ìyá rẹ mu ògì láàárọ̀ yìí, ó sì bínú sí mi pé ṣúgà inú rẹ̀ kò tó, nítorí náà mọ̀ pé ara rẹ̀ ń yá. Èmi náà wà. Mo ń dàgbà sí i, àwọn èèyàn sì ti ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adití ni mí.

Inú áàpù ìkọ̀wé tí o ṣe ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lójúde wa ní Bẹyẹrúnkà, lẹ́yìn àdúrà àsùbáà. Mo gba Ọjà'ba lọ ra ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ ń fẹ́, gbólóhùn kan sì wá sí mi lọ́kàn lójú ọ̀nà. Mo dúró ti ògiri kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi fóònù sápò. Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Bẹẹrẹ tí mo tan kọ̀ǹpútà, gbólóhùn náà ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó jókòó dè mí, ìlà kékeré tó máa ń ṣẹ́jú yẹn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń lò ó, síbẹ̀ kò tíì yé mi, n kò sì fẹ́ kó yé mi. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n lá àlá níbì kan, kí n jí síbòmíràn, kí àlá náà ṣì máa bá a lọ.

Má bínú pé n kò dá ọ lóhùn lórí fóònù lánàá. Ò ń sunkún, èmi náà sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé: “Bàbá mi, màámi ti kọ ọ́ fún mi pé kí n máa bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mo máa wálé wá tọ́jú wọn.” O sì gé fóònù. Mo jókòó, mo ṣí fáìlì tí àwa mẹ́ta jọ máa ń kọ nǹkan sí, mo wo ohun tí ìyá rẹ tẹ̀ láti orí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì péré ni. Ma bo. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀.

Àṣàkẹ́, ta ló sọ fún ọ pé máa bọ̀ ni? O mọ bí gbogbo wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù láyé òde òní, tí a ń fi a kan ṣe iṣẹ́ a méjì. ‘Ma bo’ lè jẹ́ máa bọ̀. Ó sì lè jẹ́ má bọ̀. Ọ̀kan ní kí o di ẹrù rẹ, èkejì ní kí o jókòó síbi tí o wà. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀ yìí, o mọ ọdún tí o fi wá a. Àwọn ilé iṣẹ́ Àbújá yẹn gba ìwọ àti áàpù tí o ṣe ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kí o wá sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ṣé lórí ọ̀rọ̀ tí a kò mọ bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe pè é ni o fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà?

N kò ní tàn ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, máa bọ̀ lèmi náà kà, torí ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ilé ti dákẹ́ jù. Mo máa ń jí lójú oorun ọ̀sán, kí n rò pé mo gbọ́ bàtà rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá ni ẹ̀rù bà mí pé ìfẹ́ inú ara mi ni mò ń kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá rẹ.

Mo bi í léèrè. O mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ kì í já gaara, ìka kan lọ́wọ́ òsì ló sì fi ń tẹ̀wé. Mo ní, “Ìyá Bàlíkísù, ṣé kí ọmọ yìí máa bọ̀ lo wí?” Ó mirí pé rárá. Mo ní, “Ó dáa. Ṣé kó má bọ̀ ni?” Ó tún mirí pé rárá, ó wò mí pẹ̀lú ojú tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa yẹn, ó sì kọjú sí ògiri. Sìfáwù àbúrò rẹ̀, tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, ní, “Bàbá Bàlíkísù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọn ò mọ èyí tí wọ́n ń sọ mọ́.” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní nìyí: má kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan títí a ó fi mọ ohun tí ìyá rẹ sọ. Kì í ṣe ohun tí ìwọ fẹ́ kó sọ, kì í sì í ṣe ohun tí èmi ń fẹ́.

Kí n tó dé orí ìkejì, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pàdé ìyá rẹ, torí ìtàn tí a máa ń sọ fún yín nílé, a ti fi iyọ̀ sí i. Mò ń kọ́ iṣẹ́ táípù lọ́wọ́ nígbà náà, níbí ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀rọ ọ̀gá mi kò ní àmì ohùn. Tí a bá tẹ̀wé tán, báírò ni a fi ń fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọge kan tó ń ránṣọ ní Ọ̀rányàn gbé iṣẹ́ wá, káàdì àdúrà fídáù ìyá àgbà rẹ̀. Mo fẹ́ yára lọ wo bọ́ọ̀lù, mo fàmì sí gbogbo rẹ̀, mo wá fo ọ̀rọ̀ kan níparí, níbi tí mo tẹ̀ ẹ́ sí pé ‘Sun re o, Ìyá Àgbà’. Ọmọge náà gbé káàdì sókè, ó kà á sókè ketekete lójú gbogbo oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, láìgbé ohùn sókè, láìgbé e sísàlẹ̀.

“Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, sun re kẹ̀? Ṣé ẹ rò pé iṣu ni ìyá àgbà mi ni?”

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó kí n fi báírò tún gbogbo káàdì ṣe, ọmọge náà sì jókòó tì mí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Ilé kéú ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé níbẹ̀ ni wọ́n ti na àwọn títí àwọn fi mọ̀ pé àmì tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ dìde, pé ọ̀rọ̀ tí a kò fàmì sí, ìhòòhò ló jáde. Kí n tó parí àwọn káàdì náà, ojú rẹ̀ ni mo ti wò ju ìwé lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ní àmì méjì lórí sùn kan ṣoṣo.

Ṣé o ti rí ibi tí mò ń lọ báyìí? Ẹni tó ń bá mi jà títí dòní tí n kò bá fàmì sí ọ̀rọ̀ lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn, kò lè dédé kọ ‘ma bo’ ní ìhòòhò sí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Àwọn àmì tó máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ sórí bọ́tìnì, tí ènìyàn kàn ń fọwọ́ bà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà tuntun áàpù náà ti wọlé fúnra rẹ̀. Mo wá a títí, kí n tó rí i pé ẹ ti kó wọn pamọ́ sẹ́yìn àmì tóótó mẹ́ta kan ní kọ̀rọ̀, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ tẹ ìka mọ́lẹ̀ kó dúró pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Ìka ìyá rẹ kò lè dúró pẹ́. Ó ń gbọ̀n.

Mo wá rántí pé o ti pè mí tayọ̀tayọ̀ pé, “Bàbá mi, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ti parí o! Mo ti tún ojú áàpù náà ṣe, ó ti mọ́ tónítóní.” Mo sì ní o ṣeun, mo gbàdúrà fún ọ. N kò mọ̀ pé ohun tí a gbá kúrò nílẹ̀ ni ìyá rẹ fi ń sọ̀rọ̀.

N kò bínú, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn. Ìmọ̀ràn kejì nìyẹn: kí ojú nǹkan mọ́ dára, ṣùgbọ́n kí o tó sọ pé ó ti mọ́, gbé e fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbé e fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bíi tèmi, kí o jókòó tì í, kí o má sọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìka wọn ń sáré, kò lè sọ èyí fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ara wọn ṣì ń dá ṣáṣá ni.

Ìkẹta ni ti ìgbà tí èmi náà ba áàpù yẹn jẹ́. O ṣì wà nílé ìwé nígbà náà, inú áàpù náà gan-an lo ti ń kọ kóòdù áàpù náà, ohun tó máa ń rú mi lójú, bí ẹni tó jókòó sórí àga tó ṣì ń kàn án lọ́wọ́. O fi láàpútọ́ọ̀pù rẹ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo yọjú wo àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ aró àti aláwọ̀ osùn tí o tò síbẹ̀, mo rí i pé Yorùbá lo fi sọ àwọn nǹkan rẹ lórúkọ: ila, oju, pare. Kò sí àmì lórí ọ̀kankan. Mo ní háà, ọmọ èmi! Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo sọ ila di ìlà níhìn-ín, mo sọ oju di ojú lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi mú iná lọ. Nígbà tí o dé, áàpù kò ṣí mọ́.

“Bàbá mi, ta ló fọwọ́ kan kóòdù mi?”

“Èmi ni. Mo kàn ń tún un ṣe ni. Àbí ilá lò ń sè níbẹ̀?”

O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. O wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ kò mọ ìtumọ̀, orúkọ tí a bá sọ nǹkan lókè ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́ nísàlẹ̀, pé mo ti sọ ọmọ kan ní orúkọ méjì, ẹni tó ń pè é kò sì rí i mọ́. Ó gbà ọ́ ní gbogbo ọ̀sán láti wá ibi gbogbo tí mo ti ṣe oore. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn tó tún nǹkan ṣe, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ti ń lò ó bó ṣe wà. Mo ṣe é sí ọ, ìwọ náà ti ṣe é sí ìyá rẹ. Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́.

Ìpínrọ̀ tó kàn yìí, orí òkè Mápó ni mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù láàárọ̀. Mo kàn fi í síbí ni.

Ọyẹ́ ti bo ìlú lónìí. Láti ibi tí mo dúró sí, n kò rí Òjé, n kò rí Oníyanrìn. Àwọn òrùlé páànù kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru, wọ́n tún ń wọlé padà. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú funfun yẹn, màá bá ọ níbẹ̀, ọmọ kékeré, pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ, kí ìyá rẹ sì máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́hùn-ún ní Ọ̀rányàn, ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà. Mo dúró, mo dijú, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo lajú, ẹnì kan ló ń lọ ata nísàlẹ̀ òkè. Síbẹ̀ n kò tètè kúrò níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, ó sì dùn mí, méjèèjì pọ̀.

Mo ti padà sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Ọ̀kan tí mo fẹ́ fi kún un ni ti ìwé ètò ìsọmọlórúkọ oníbàárà kan tó sọnù lọ́jọ́sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kù lọ, mo kọ ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, mo gbàgbé, mo tún kọ òmíràn lórí fóònù nílé. Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì tún padà ríra, áàpù rẹ gba èyí tó dé kẹ́yìn, ó da tàkọ́kọ́ nù. Mo bú ọ lọ́jọ́ náà, mo bú bàbá tó bí ọ mọ́ ọn. O lọ jókòó, o tún un ṣe, títí ó fi jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ méjì kò bá bára mu, á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á ní kí a kà wọ́n tán kí a tó yan ọ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí o ti ṣe, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ bá ń jiyàn lórí àwọn àmì yìí, ṣe bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀, gbé tìrẹ tì í, má sá lọ, má sì jẹ́ kí wọ́n da tìrẹ nù. Lọ́jọ́ tí o bá sì lọ́kọ, ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Èmi àti ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó bá kẹ́yìn pariwo ló máa ń borí. Òun ló máa ń kẹ́yìn.

Àwọn ọ̀gá rẹ lè sọ fún ọ pé àwọn tó ń fàmì sí ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Sọ fún wọn pé obìnrin kan wà ní Bẹyẹrúnkà tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò mọ ohun tí ó sọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ẹ̀dà àtijọ́ áàpù náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi níbí, torí n kì í da nǹkan nù. Lánàá ni mo ti gbé e sórí tábúlẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ, mo sì ti pa á láṣẹ kí ẹ̀dà tuntun má wọlé mọ́. Kí n tó jáde láàárọ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Mo fi ìka hàn án pé àwọn àmì rẹ̀ ti padà sórí bọ́tìnì. Ó wò wọ́n, kò wò mí. Mo ní, “Má dá mi lóhùn. Àṣàkẹ́ ni kí o dá lóhùn.” Láti àárọ̀ ni mo ti ṣí fáìlì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yìí, mò ń fi ojú kan wò ó, kò sì sí nǹkankan. Oòrùn ti yí. Wọ́n ti ń pe ìrun àlàásárì.

Tó bá jẹ́ máa bọ̀ ló wí, màá fi owó mọ́tò ránṣẹ́, a ó sì gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, n kò sì ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́ láéláé. Tó bá jẹ́ má bọ̀ ni, o gbọ́dọ̀ jókòó, bó tilẹ̀ ń dùn ọ́, bó tilẹ̀ ń dun èmi náà.

Dúró.

Ìlà rẹ̀ ti wọlé. Aláwọ̀ ewé yẹn, tí o fún un pé kó máa jẹ́ tirẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ‘ma bo’ àná. Ó wọ inú rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn a.

Àmì kan ti bọ́ sórí a. Àmì ìsàlẹ̀ ni. Mà. Ìka rẹ̀ ti yọ̀ nìyẹn, Àṣàkẹ́, torí máa kò bẹ̀rẹ̀ báyìí, má náà kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. N kò gbọdọ̀ bá a tún un ṣe. Mo ti ká ọwọ́ mi mọ́ abẹ́ ara mi, ìka kan ni mo fi ń tẹ èyí. Kò pa á rẹ́. Ó ti fi a mìíràn kún un. Ó ń wá àmì. Ó rí i. Àmì òkè.

Ó ti kọjá sí ọ̀rọ̀ kejì. Ó ti fi tóótó sábẹ́ o. Ó ti fi àmì sórí rẹ̀.

Màá bọ̀.

Bàlíkísù, màá bọ̀ ló wí. Òun ló ń bọ̀. Kò ní kí o wá, kò ní kí o má wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá ọ ní Àbújá. Mo bi í léèrè ìbéèrè méjì, ó dáhùn méjèèjì bó ṣe tọ́, àwa la ní kò mọ èyí tó ń sọ. Omi ń bọ́ lójú mi níwájú àwọn oníbàárà, n kò sì nu ún.

Sìfáwù ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ní, “Bàbá Bàlíkísù, ẹ máa bọ̀ nílé o. Wọ́n ní kí n gbé bàtà àwọn wá. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn ń lọ, mo ní kí wọ́n dúró dè yín, wọn ò gbọ́.” Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tó jìnnà jù tó tíì rìn dé láti ìgbà àìsàn náà, èmi ni mo sì ń dì í mú.

Jókòó síbi iṣẹ́ rẹ. Dá àwọn àmì padà síbi tí wọ́n wà. Kí o sì wá bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, kí o gbé e kọjú sí fèrèsé, kó lè máa rí àpáta yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún bóyá òun náà wà lára àwọn tó ń bọ̀.